ÒJÒ KAN ṢOṢO NI TIWA
Ẹ̀kọ́ lórí ìgbà, òdòdó àti ọjọ́ ayé ènìyàn

Ibi kíkà: Àìsáyà 40, ẹsẹ 6 sí 8, Jóòbù 14, ẹsẹ 1 sí 14, Mátíù 6, ẹsẹ 25 sí 34.

 

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lónìí kò le. Ọmọdé tí ó ń pọn omi mọ̀ ọ́n, arúgbó tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ náà ni pé ohun gbogbo ní ìgbà tirẹ̀, àti pé ìgbà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ni ó ń fi í ṣe ìwà hù. Nítorí náà ni a ṣe tún fẹ́ sọ ọ́. Ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹni tí ó mọ̀wé kà á sétí ẹni tí kò mọ̀wé.

ÈKÍNÍ: BÍ ÒJÒ TI Ń RỌ̀ NÍLẸ̀ YÌÍ

Ní etí òkun, ní Lomé, ní Porto-Novo, ní Èkó, òjò a máa pín sí méjì. Ti àkọ́kọ́ a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin, a sì máa rọ̀ títí di oṣù Keje. Ní oṣù Kẹjọ, òjò a dá díẹ̀. Bí ó bá di oṣù Kẹsàn-án, òjò kejì a dé. Nítorí náà, àgbẹ̀ ibẹ̀ lè gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, a gbọn aṣọ rẹ̀, a ní, "Kò burú, òjò kejì ń bọ̀."

Ṣùgbọ́n níhìn-ín ní Sokodé, òjò kan ṣoṣo ni. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, ó ń le sí i ní oṣù Keje, oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án, bí ó bá sì di òpin oṣù Kẹwàá, ó tán nìyẹn. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ọyẹ́ a fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, a gbé eruku bo òrùlé, ètè a máa bó, aṣọ funfun tí a sá sórí okùn láàárọ̀ a ti di aláwọ̀ ilẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán. Ẹni tí ó bá fi ìgbà òjò sùn, tí kò gbin nǹkan kan, kò sí òjò kejì tí yóò bá a tún un ṣe lọ́dún yẹn. Kí ó lọ ra oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbin nǹkan ni ó kù.

Ará, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa. Ayé ọmọ ènìyàn, ṣé bí òjò Lomé ni àbí bí òjò Sokodé? Ìwé Hébérù, orí 9, ẹsẹ 27, dá wa lóhùn. Ó jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ni ikú wà fún ènìyàn, àti pé lẹ́yìn rẹ̀, ìdájọ́ ni. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé Sokodé, ṣùgbọ́n a ń lo ọjọ́ ayé wa bí ará Lomé. À ń sọ pé, "Bí mo bá ṣe ilé yìí tán, èmi yóò wá sin Ọlọ́run." À ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí dàgbà ná, èmi yóò lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi." À ń sọ pé, "Ó di ọdún tí ń bọ̀." Ta ni ó sọ fún wa pé òjò kejì wà?

ÈKEJÌ: ÒDÒDÓ TÍ ỌLỌ́RUN FI Ń WÀÁSÙ FÚN WA

Ẹ wo bí Ọlọ́run ti gbọ́n tó. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ó le jù, nígbà tí koríko ti gbẹ, tí iná ìgbẹ́ ti jó òkè dúdú, ìgbà náà gan-an ni Ó ń ta òdòdó sí orí àwọn igi kan. Ẹ wo igi pọ́npọ́lá. Gbogbo ewé rẹ̀ yóò gbọ̀n dànù, yóò dúró ní ìhòòhò, ènìyàn yóò ní ó ti kú. Kó tó pẹ́, ó ti kún fún òdòdó pupa, àwọn ẹyẹ ti kóra jọ sórí rẹ̀. Igi irú náà, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń so òdòdó rẹ̀ tí ó rí roboto bí bọ́ọ̀lù pupa, tí ó ń fi okùn rọ̀ wálẹ̀. Igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń yọ òdòdó, nígbà òjò ni àwọn ìyá wa ń ṣa èso rẹ̀. Máńgòrò, inú ọyẹ́ ni ó ń yọ ìtànná.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wà láàárín wa tí ọyẹ́ ń fẹ́ lù, tí iṣẹ́ kò lọ, tí ara kò le, tí ọ̀rẹ́ ti sá, kí ó má ṣe sọ pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀. Igi kan wà tí kì í tanná àfi bí ewé rẹ̀ bá ti gbọ̀n tán.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, tí òjò àkọ́kọ́ ń ṣú, igi kan wà lẹ́bàá títì tí a fi èdè Faransé ń pè ní flamboyant. Ilẹ̀ Madagásíkà ni ó ti wá, ṣùgbọ́n ó ti di ará ilé wa. Bí ó bá tanná, gbogbo igi a pọ́n bí ẹyin iná, àwọn ọmọ ilé ìwé a dúró wò ó. Àwọn òdòdó yẹn, òjò àkọ́kọ́ tí ó ní ìjì nínú ni yóò gbọ̀n wọ́n sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin tí ó ń gbá iwájú ilé rẹ̀ yóò fi ìgbálẹ̀ kó wọn dà sí ààtàn. Ohun tí gbogbo ìlú ń yìn lánàá ni a ń gbá lónìí.

Igi oṣè tún ju ìyẹn lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni òdòdó rẹ̀ ń là. Ó tóbi, ó funfun gbòò bí aṣọ wa, àdán a máa wá mu omi adùn inú rẹ̀ lóru. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti rọ, ó ti já bọ́. Òdòdó alẹ́ kan! Bẹ́ẹ̀ ni igi tí ó so ó lè gbé ayé fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀. Ṣé Ọlọ́run fi òdòdó yẹn ṣòfò ni? Rárá o. Láàárín òru kan yẹn, ó ti ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Àdán ti gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ sórí òdòdó mìíràn, èso ti bẹ̀rẹ̀. Gígùn ọjọ́ kọ́ ni Ọlọ́run fi ń díwọ̀n iṣẹ́.

Wòlíì Àìsáyà mọ ohun tí ó ń wí nígbà tí ó fi ẹran ara wé koríko àti ògo rẹ̀ wé òdòdó ìgbẹ́. Ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú wa níhìn-ín ni òjò tiwọn ń rọ̀. Bí òjò náà bá ń tán lọ, gbogbo òkè a kún fún koríko tútù àti òdòdó. Lójijì, ẹ̀fúùfù gbígbóná a fẹ́ láti aṣálẹ̀ wá, láàárín ọjọ́ díẹ̀ gbogbo rẹ̀ a ti gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọyẹ́, ó yẹ kí ẹ tètè mọ ohun tí wòlíì ń sọ. Koríko gbígbẹ kan náà ni Olúwa wa ń sọ nínú ìwàásù Rẹ̀ lórí òkè, nítorí pé nílẹ̀ tí igi ìdáná kò pọ̀, òun ni wọ́n ń kó sínú ààrò láti fi ṣe búrẹ́dì. Lónìí ó wọ aṣọ tí ó dára ju ti Sólómọ́nì lọ, lọ́la ó di ìdáná. Síbẹ̀, Ọlọ́run ni ó wọ̀ ọ́ láṣọ. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.

ÈKẸTA: ÒDÒDÓ RỌ́BÀ

Ní ayé ìsinsìnyí, a ti ń rí òdòdó rọ́bà lọ́jà. Wọ́n ń tà á ní pupa, ní funfun, ní aláwọ̀ ọ̀run. A ń rà á sí pálọ̀, ilé àdúrà mìíràn sì ń tò ó sórí pẹpẹ. A kò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. A kàn fẹ́ fi kọ́gbọ́n ni.

Òdòdó rọ́bà kì í rọ. Òjò kò lè ṣe é ní nǹkan kan, ọyẹ́ kò lè gbẹ ẹ́. Bí eruku bà á, a fi omi ṣàn án, ó tún dán. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, oyin kì í bà lé e. Kò ní òórùn. Kò ní so èso láéláé. Ohun tí kò lè kú, tí kò sì wà láàyè, àǹfààní wo ni ó wà lára rẹ̀?

Ẹlòmíràn ń bẹ tí ó fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe òdòdó rọ́bà. Kò fẹ́ fẹ́ràn ẹnikẹ́ni kí ó má baà sunkún lọ́la. Kò fẹ́ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ kí ohun ìní rẹ̀ má baà dínkù. Kò fẹ́ kí á mọ̀ pé òun ti ń dàgbà, ó ń pa irun láró, ó ń bínú bí a bá pè é ní baba. Ìwọ ará, fi í sílẹ̀. Ó sàn kí á jẹ́ òdòdó tí ń rọ, tí ó fún oyin ní oúnjẹ, tí ó fi èso sílẹ̀, ju kí á jẹ́ rọ́bà tí ń dán lásán. Àwọn baba wa ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń so, lẹ́yìn náà ó lọ, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti dúró sí ìdí rẹ̀.

ÈKẸRIN: ÀWỌN OHUN TÍ A RÒ PÉ KÌ Í RỌ

Ẹnìkan lè sọ pé, "Òdòdó ni ẹ ń sọ, owó ńkọ́? Ilé ńkọ́? Ìjọba ńkọ́?" Ẹ jẹ́ kí á wò ó.

Àwọn Jámánì gba ilẹ̀ yìí ní 1884. Wọ́n kọ́ ibùdó sí Sokodé, wọ́n la ọ̀nà, wọ́n gbin igi tíìkì, wọ́n pàṣẹ bí ẹni tí kò ní kúrò mọ́. Nígbà tí ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 1914, nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà ni wọ́n juwọ́ sílẹ̀ ní Togo. Ọgbọ̀n ọdún péré! Faransé dé, òun náà sọ àsíá rẹ̀ kalẹ̀ ní 27 oṣù Kẹrin, 1960. Igi tíìkì ṣì wà nílẹ̀ Togo títí dòní, ó ń gbọn ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, ó ń rú u lójò.

Ilé ńkọ́? Àwọn àgbà wa kò gbàgbé oṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ ní Ghana pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Accra, ní Kumasi, ní Tamale, tí ẹlòmíràn bí ọmọ, tí ó bí ọmọ ọmọ síbẹ̀, ẹrù orí nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn gbé jáde. Ilẹ̀ Togo yìí ni ọ̀pọ̀ wọn gbà kọjá lọ sílé. Kò sì pẹ́ títí, ní oṣù Kìíní 1983, Nàìjíríà náà pàṣẹ kí àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Àwọn ará Ghana ni ó pọ̀ jù, àwọn ará Togo náà sì wà nínú wọn. Ọ̀nà tí àwọn kan fi ẹkún rìn lọ sí ìlà oòrùn ni àwọn mìíràn fi ẹkún rìn padà sí ìwọ̀ oòrùn. Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹni tí ó ń lé àjèjì lónìí, kí ó rántí pé àjèjì ni gbogbo wa níwájú Ọlọ́run.

Owó ńkọ́? Ní oṣù Kìíní 1994, a fi owó sefá sùn, a jí, ó ti já sí ìdajì. Sefá 50 ni a ń kà fún fáránsì Faransé kan tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó di 100. Olè kò wọlé, iná kò jó, síbẹ̀ owó tí ó wà nínú àpótí kò tún lè ra ohun tí ó ń rà lánàá. Jákọ́bù Àpọ́stélì ti sọ tẹ́lẹ̀, nínú orí kìíní ìwé rẹ̀, pé bí oòrùn ti ń mú òdòdó rọ ni ọrọ̀ ọlọ́rọ̀ ń rọ lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ǹjẹ́ àwọn ẹni mímọ́ ńkọ́? Àwọn náà kò gbé ayé láéláé. Mósè Orímọládé Túnọláṣe, ẹni tí Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1925, sùn nínú Olúwa ní 1933. Samuel Biléhou Oschoffa, ẹni tí Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, sùn ní 1985. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní òjò tirẹ̀. Wọ́n gbin nǹkan sínú rẹ̀, òjò sì dá. Àwa ni à ń jẹ nínú ìkórè wọn. Kí ni àwa ń gbìn fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn?

ÈKARÙN-ÚN: FÚN ẸNI TÍ Ó Ń ṢỌ̀FỌ̀

Ibí yìí ni a ti fẹ́ rọra sọ̀rọ̀, nítorí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tí yóò ka ìwé yìí ni ojú wọn kò tíì gbẹ.

Igi máńgòrò, bí ó bá tanná, òdòdó rẹ̀ kò níye. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ yóò fẹ́, púpọ̀ a rẹ̀ dànù. Díẹ̀ ni ó ń di èso, nínú èyí tí ó sì di èso, púpọ̀ a tún já ní tútù kí ó tó pọ́n. Ìyá kan wà tí ọmọ rẹ̀ dà bí èyí tí ó já ní tútù. Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá lọ kí irú ìyá bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ fún un pé Ọlọ́run ni ó ń já òdòdó tí ó dára jù sínú ọgbà Rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹ má ṣe máa wá ẹni tí ó ṣe é kiri àdúgbò, kí ẹ má baà fi ọ̀fọ̀ kan dá ìjà mẹ́wàá sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́.

Kí ni ó yẹ kí á ṣe? Kí á jókòó tì í. Kí á bá a pọn omi. Kí á bá a se ọbẹ̀. Kí á má ṣe dúró ní ọjọ́ kẹjọ, kí á tún padà lọ nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, tí gbogbo ayé ti gbàgbé. Olúwa wa mọ̀ pé Òun yóò jí Lásárù dìde, síbẹ̀ Ó sunkún nítorí ọ̀rẹ́ Rẹ̀. Ó wà nínú Jòhánù, orí 11. Bí Ẹni tí ó ní àjíǹde lọ́wọ́ bá sunkún, ta ni àwa tí a ó ní kí ẹlòmíràn má sunkún?

Ohun kan ṣoṣo ni a lè sọ fún ìyá náà, nígbà tí ó bá ṣe tán láti gbọ́. Ẹ rántí òdòdó oṣè. Òru kan ni ó gbé, Ọlọ́run sì mọ̀ ọ́n, Ó sì wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun. Ọmọ tí ó gbé ayé fún oṣù méje, ọjọ́ rẹ̀ pé lójú Ẹni tí ó dá a.

ÈKẸFÀ: OHUN TÍ ÒJÒ WÀ FÚN

A kò kọ ìwé yìí kí ẹ̀rù baà lè bà yín. A kọ ọ́ kí á lè dìde.

Àwọn obìnrin méjì kan wà, aláṣọ funfun ni àwọn méjèèjì. Wọ́n jọ ń tajà ní ọjà kan, àtẹ wọn kángun sí ara wọn. Ọ̀rọ̀ gbèsè dé, ẹ̀wádún ẹgbẹ̀rún sefá kọ́, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ní òun ti san án, èkejì ní kò san án tán. Wọn kò kí ara wọn mọ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń jókòó sí ìlà kan náà nínú ilé àdúrà, tí ọ̀kan ń wo apá ọ̀tún, tí èkejì ń wo apá òsì. Àwọn àgbà dá sí i, olúkúlùkù wọn ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ ná, yóò yanjú." Nínú ọyẹ́ kan, ikọ́ mú ọ̀kan. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó lọ. Nígbà náà ni èkejì ra aṣọ funfun tí ó dára jù lọ́jà, ó gbé e wá, ó ń sunkún, ó ní kí wọ́n fi wọ̀ ọ́. Wọ́n gbà á, wọ́n sì fi wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òkú kò lè ní, "Mo dárí jì ọ́." Owó aṣọ yẹn ju gbèsè tí wọ́n jà lé lórí lọ.

Ará, ta ni ó jókòó sí apá ọ̀tún rẹ ní Ọjọ́ Ìsinmi tí o kò lè wò lójú? Kí òjò tó dá, lọ bá a. Má ṣe dúró de àgbà. Má ṣe dúró de ìran. Olúwa ti sọ ohun tí ó yẹ kí á ṣe nínú Mátíù, orí 5: kí á fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí á kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin wa làjà.

Ohun mìíràn tí a fẹ́ sọ ni ti òkú ṣíṣe. Àwọn Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé ìlú yìí, tí wọ́n pọ̀ jù wá lọ, kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Bí ẹnìkan bá kú láàárọ̀, wọ́n lè ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀, nínú aṣọ funfun lásán. A kò ní kí gbogbo wa ṣe bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù ní ìlànà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú ni kí baba máa wá owó oògùn kiri nígbà tí ó wà láàyè, kí àwọn ọmọ wá yá owó pa màlúù nígbà tí ó kú. Òdòdó tí ẹ fẹ́ kó sórí pósí, ẹ fi ọ̀kan nínú rẹ̀ lé e lọ́wọ́ kí ó lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un nígbà tí ó lè dáhùn pé ẹ ṣeun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni òdòdó flamboyant ìjọ. Gbogbo ojú ń wò yín. Ẹ fi agbára yín sin Ẹlẹ́dàá yín nísinsìnyí, gẹ́gẹ́ bí Oníwàásù ti gbà yín nímọ̀ràn nínú orí 12. Ẹ kọ́ṣẹ́, ẹ kàwé, ẹ kọ orin. Ohùn tí ẹ fi ń ga orin lónìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò máa gbọ̀n.

Ẹ̀yin arúgbó wa, ẹ má ṣe sọ pé òjò yín ti dá. Bí ẹnu ṣì ń mì, ó kù díẹ̀. Ẹ pe àwọn ọmọ jọ, ẹ fi ilẹ̀ hàn wọ́n, ẹ sọ gbèsè tí ẹ jẹ àti gbèsè tí a jẹ yín, ẹ súre fún wọn. Ẹ kọ́ wọn ní èdè yín pẹ̀lú. Ní Kambolé, ohùn èdè wa ṣì ń dún lẹ́nu ọmọdé nítorí pé àwọn àgbà kò dákẹ́. Èdè náà dà bí ọgbà: bí a kò bá bomi rin ín fún ìran kan, ó gbẹ nìyẹn.

ÈKEJE: ÈBÙ TÍ Ó WÀ NÍNÚ EBÈ

Ẹ jẹ́ kí á fi ìrètí parí rẹ̀, nítorí àwa kì í ṣe ènìyàn tí kò ní ìrètí.

Ní ilẹ̀ yìí, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, àgbẹ̀ a mú èbù iṣu, a sin ín sínú ebè, a fi koríko gbígbẹ bo orí ebè náà kí oòrùn má baà sè é. Òjò kò sí. Ìkuukùu kò sí lójú ọ̀run. Bí àjèjì bá kọjá, yóò ní, "Iṣu tí ẹnu ì bá jẹ ni ọkùnrin yìí ń bò mọ́lẹ̀ yìí." Àgbẹ̀ kò dá a lóhùn. Ó mọ ohun tí ó gbìn. Ó mọ̀ pé òjò yóò rọ̀. Nígbà tí ó bá di oṣù Keje, oṣù Kẹjọ, ẹ wá bi í léèrè.

Òdòdó kan sì tún wà nínú ìgbẹ́ wa, tí ó pupa, tí ó rí roboto bí orí ọmọdé. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kò ní rí i rárá. Iná ìgbẹ́ a jó kọjá lórí rẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó wà, bí àlùbọ́sà. Òjò àkọ́kọ́ tí ó bá kan ilẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀, á gbé orí sókè láàárín eérú. Ta ni ó sọ fún un pé àkókò tó? Ẹni náà ni yóò pè wá. Jóòbù wò ó, ó rí i pé igi tí a gé lulẹ̀ ní ìrètí, pé bí ó bá gbóòórùn omi yóò tún rúwé. Ó wá béèrè bóyá ènìyàn náà lè tún yè. Ìbéèrè yẹn wà nílẹ̀ títí di àárọ̀ Ọjọ́ Àjíǹde, nígbà tí àwọn obìnrin dé inú ọgbà tí wọ́n sì bá ibojì lófìfo. Ẹ kíyè sí i pé inú ọgbà ni. Jòhánù sọ pé Màríà rò pé olùṣọ́gbà ni Olúwa. Kò kúkú jìnnà sí òtítọ́.

Nítorí náà, bí a bá gbé ẹnìkan wa lọ sí ilẹ̀ ìsìnkú, nínú aṣọ funfun rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á sunkún, ṣùgbọ́n kí á rìn bí àgbẹ̀ tí ó ti gbin èbù bọ̀ láti oko. Ẹran ara yóò rọ. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò ní rọ. Ẹni tí ó bá di ọ̀rọ̀ náà mú, òun náà yóò dúró.

Ọdún yìí, òjò wa ń rọ̀ lọ́wọ́. A kò mọ ọjọ́ tí yóò dá. Ẹ jẹ́ kí á gbin nǹkan.

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọlọ́run, Ìwọ tí O ń pàṣẹ fún òjò àti ọyẹ́, a dúpẹ́ nítorí ìgbà tí O fún wa. Kọ́ wa kí á mọ iye ọjọ́ wa. Má ṣe jẹ́ kí òjò dá lórí ìjà tí a kò tíì parí, lórí gbèsè tí a kò tíì san, lórí ìdúpẹ́ tí a kò tíì sọ. Tu àwọn ìyá tí ń sunkún nínú. Fi ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa múlẹ̀. Fún àwọn arúgbó wa ní ìrọ̀lẹ́ tútù. Bùkún fún ìlú Sokodé, àti Tchamba, àti Kambolé. Bùkún fún Mùsùlùmí àti Kristẹni àti gbogbo ẹni tí ń mu omi ilẹ̀ yìí. Bí eruku bá ba aṣọ wa jẹ́, fi ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Rẹ fọ̀ ọ́ kí ó tún funfun. Nígbà tí ìwọ̀n ọjọ́ wa bá pé, gbìn wá sí ọwọ́ Rẹ, kí O sì pè wá jáde ní òwúrọ̀ òjò ńlá náà. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín. Àmín. Àmín.